Ọdún Tí Ọgbọ́n Tán Nínú Igbó Olúwa

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó fò kọjá ààfin, ó fò kọjá ọjà, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí. Ó ta bá Òkété tó ń jó irin lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Òrè, ó tún ta bá Ayékòótọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tó ń fi ìrù pupa ṣe fújà káàkiri.

Ní ìgbà tí àwọn ẹranko igbó ọba Olúwa ń gbé bí èèyàn, Kìnnìún ni Kábíyèsí wọn. Ilẹ̀ rẹ̀ gba Araromi-Obu, ó gba Odigbó, ó wá já sí Òrè, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé títì Èkó sí Benin, tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń ra gààrí kí wọ́n tó máa bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà á mọ̀ pé Odigbó ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n Òrè ni oríkò rẹ̀ wà. Ẹ bá mi fi èyí sápò. Ibi tí wọ́n kọ sórí ìwé àti ibi tí iṣẹ́ wà kì í sábà jẹ́ ojú kan náà lọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Kábíyèsí kéde pé owó kan wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ fún àdúgbò tí ọgbọ́n àtinúdá bá pọ̀ sí jù, kí wọ́n fi tún ọ̀nà wọn ṣe. Ẹnu kò kò mọ́. Erin ní Araromi ni. Ọ̀bọ ní ta ló tó Odigbó. Àwọn ará Òrè ní kí gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́. Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn àgbà tó gbọ́ ìró ìbọn lóṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun Biafra dé Òrè kí wọ́n tó lé e padà, ń wí lábẹ́ ahọ́n pé ó le kú, ìjà Òrè tún dé.

Ni Ayékòótọ́ bá fò sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ ọ́.

“Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Níbi tí mo ti ń bọ̀, a kì í fi ariwo wá ọgbọ́n. Páténtì ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹni tó bá dá ohun tuntun sílẹ̀ á gba ìwé olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ìwé náà á sì sọ pé fún 20 ọdún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ń gbé.”

Inú Kìnnìún dùn. Ọba a máa fẹ́ràn nọ́ńbà: kì í kùn, kì í béèrè oúnjẹ, kì í sì í tako èèyàn ní gbangba.

Òkété na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo ẹ́ńjìnnì sókè. “Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ọgbà ni páténtì, kí ewúrẹ́ má bàa wọ oko ẹni. Bí a bá wá ka ọgbà, ṣé a ti ka iṣu nìyẹn?”

Wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n ní ta ní pe wẹ́dà sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀?

Kí ẹ má sì rò pé Ayékòótọ́ kò gbé ìwé dání o. Ó gbé ìwé tí Zvi Griliches, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Harvard, kọ lọ́dún 1990 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an sábẹ́ apá. Àkọlé nìkan ló kà. Ká ní ó ṣí i, ì bá rí i pé ọkùnrin náà ti wí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn dá sílẹ̀ ló ṣeé gba páténtì sí, kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣeé gbà ni wọ́n ń gbà, àwọn tí wọ́n sì gbà kò dọ́gba níyì rárá. Ayékòótọ́ tún sọ fún ọba pé Ṣáínà ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ó sì jẹ fún wọn: láti ọdún 1999 ni ìjọba Shanghai ti ń bá àwọn èèyàn san owó ìforúkọsílẹ̀ páténtì, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé e, nígbà tó sì fi máa di 2011, Ṣáínà ti gba iwájú gbogbo ayé nínú iye ìwé tí wọ́n ń béèrè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹyẹ wa ti wọkọ̀ wálé kí ọdún 2021 tó dé, nígbà tí ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun sísan irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan ti ń kọ ìwé nítorí owó, wọn kì í kọ ọ́ nítorí ohun tí wọ́n ṣe. Apá ìtàn yìí kò bá a dé Òrè.

Ẹ jẹ́ ká yà ní ṣọ́ọ̀bù Òkété díẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀.

Páànù mélòó kan ni, lórí pákó tí àwọn onísòmíìlì dànù. Ohun tó bá ti kú lójú títì, ọ̀dọ̀ Òkété ló ń jí sí: ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, gíà dánfó, jáàkì tó bọ́ lábẹ́ lọ́rì onígẹdú. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, òkúta ni àwọn obìnrin fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ kí omi rẹ̀ lè ro. Òjò á pa òkúta, oòrùn á pa òkúta, ẹ̀gẹ́ á kan rékọjá bó ṣe yẹ, èrò ọkọ̀ Èkó á sì kọjá láìra nǹkan kan. Òkété wo jáàkì tó wà nílẹ̀. Ó ní, “Ohun tó gbé lọ́rì ró, ṣé àpò ẹ̀gẹ́ ni kò ní lè tẹ̀?” Ó jó irin mẹ́rin pọ̀, ó fi jáàkì há a láàárín, omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú yaa. Ohun tí òkúta ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe, jáàkì ṣe é kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Ọ̀yà ti wá wò ó, ó ti lọ ṣe tirẹ̀ ní Odigbó, ó fi irin kan kún un kí àpò má bàa yẹ̀. Òkété náà lọ wo ti Ọ̀yà, ó mú irin yẹn wálé. Túùkú rí ti àwọn méjèèjì, ó ṣe èyí tó ń gba àpò méjì lẹ́ẹ̀kan. Báyìí ni ọgbọ́n ṣe ń rìn lójú pópó yẹn, láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, kò mú ìwé ìrìnnà dání. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń pe èyí ní àfarawé lásán. Kí wọ́n lọ fi òkúta tẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn.

Yánníbo náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gààrí ló ń yan ní Odigbó. Èéfín ti fẹ́ fọ́ ọ lójú nígbà tó mọ ògiri amọ̀ sí àárín ẹnu ààrò àti ibi tí òun ń jókòó sí, tó wá ri páìpù sàlẹ́ǹsà ọkọ̀ ògbólógbòó mọ́ ẹ̀yìn ààrò kí èéfín lè gba ibẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, ó ń yan gààrí, ojú rẹ̀ sì ń mọ́ kedere. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bó ṣe ṣe é, àfi àwọn obìnrin tó lọ ṣe tiwọn.

Ìjàpá kì í yan gààrí, kì í jó irin. Ìdí ilé ayò ló ń jókòó sí, ló ń wò. Bó ṣe gbọ́ ohun tí ọba wí, ó yára wálé.

“Yánníbo, olówó orí mi, yá mi lówó ọkọ̀ Àbújá.”

“Baálé mi, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Àbújá?”

“Mo fẹ́ lọ ronú.”

Ó yá a. Ìyàwó Ìjàpá ti ń yá a lówó láti ìgbà tí àlọ́ ti dáyé.

Òfin tó bá nílẹ̀ ni Òfin Páténtì ti ọdún 1970. Ẹni tó kọ òfin náà kò gọ̀ rárá. Ó kọ ọ́ pé ohun tí aráyé bá ti mọ̀ níbikíbi, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ lẹ́nu, ìbáà jẹ́ nínú lílò, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ ò rí i pé jáàkì Òkété bọ́ sábẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìwé wá ni ẹ̀tọ́ páténtì tọ́ sí, ìbáà jẹ́ òun gan-an ló ronú kàn án, ìbáà máà jẹ́ òun. Ó kù síbì kan: fọ́ọ̀mù àti owó ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kì í yẹ ohun náà fúnra rẹ̀ wò bóyá tuntun ni. Òfin wá là á mọ́lẹ̀ pé orí ẹni tó gbà á ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un.

Ní ọ́fíìsì páténtì ní Àbújá, Ìgbín ló jókòó sídìí kàǹtà nígbà tí Ìjàpá gbé ìwé lórí ẹ̀rọ Òkété dé.

“Ṣé fọ́ọ̀mù yín pé?”

“Ó pé.”

“Ṣé owó pé?”

“Ó pé, ẹ kà á.”

Ìgbín tẹ òǹtẹ̀. Ìjàpá ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè kẹta, pé ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́ ọ títí ó fi jáde.

Nígbà tó rí i pé ọ̀nà là, ó padà wọlé. Ó pín ẹ̀rọ Òkété sí wẹ́wẹ́: ìwé kan fún irin mẹ́rin, ọ̀kan fún jáàkì, ọ̀kan fún bóòtì tó mú jáàkì, ọ̀kan fún yíyí bóòtì sọ́tùn-ún, ọ̀kan fún yíyí i sósì. Ó gba ìwé lórí ààrò aya rẹ̀, ó pè é ní ọ̀nà àrà tí a ń gbà lé èéfín lọ sílé aládùúgbò. Nígbà tí yóò fi ṣe tán, ìwé 201 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò kò gbà wọ́n mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n mẹ́yìn. Àwọn kan ní òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn ni àmì tó wà lẹ́yìn ahun títí dòní. Èmi ò bá wọn dá sí i.

Ó kù díẹ̀ kó dé ààfin ló gbé orin. Ẹ bá mi gbè é o, “Ẹ kà á, ẹ tún un kà” ni ègbè yín:

Mo tÀbújá dé, mo gbọ́gbọ́n bọ̀,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Ẹyọ kan ni mo rí, igba ni mo kọ,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Òǹtẹ̀ ibẹ̀ tóbi, ó pupa fòò,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Ẹ má bi mí lẹ́rọ, ẹ bi mí níwèé,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*

Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Odigbó ni Ìjàpá kọ sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì rẹ̀, nítorí náà Odigbó ní 201. Araromi ní méjì. Òrè, níbi tí ẹ̀rọ náà wà, tó ń dún lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, ní òdo.

Ayékòótọ́ kọ ìwé ìròyìn tó nípọn fún ọba. Ó ní àwọn ará Òrè kì í ronú. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ariwo ọkọ̀ ló fà á. Wọ́n gbé owó fún Odigbó, wọ́n sì fi Ìjàpá ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò ná an. Kí Òrè má bàa sunkún, ọba dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn lórí bí a ṣe ń ronú. Òkété kò lè lọ, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjàpá kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Ó kó ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Òkété, ó ní láti òní lọ, àpò ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti bọ́ sábẹ́ jáàkì yẹn, owó òun ń bẹ nínú rẹ̀. Òkété rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Ìjàpá kò rẹ́rìn-ín, wọ́n di ààfin.

Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dìde, ẹni tí gbogbo ilé rò pé yóò bú ìwé. Kò bú u.

“Kábíyèsí, ẹ má jẹ́ ká torí Ìjàpá sọ òkò sí páténtì. Ẹ̀yin náà mọ ewé eéran tí wọ́n ń já nínú igbó yìí, tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹ mọ èso pupa tó ń so mọ́lẹ̀ ní ìdí rẹ̀, tí a ń lá tí gbogbo ohun tí a bá tún jẹ á máa dùn lẹ́nu ẹni. Bàbá mi àgbà mọ̀ ọ́n, bàbá tirẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniell, rí i nílẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú, ó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1855. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Nẹ́dálándì yọ adùn inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Ó fi bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde fún títà, wọ́n pè é ní Talin. Lónìí ó wà nínú ṣíngọ́ọ̀mù, ó wà nínú oògùn ọmọdé. Kọ́bọ̀ kan kò ti inú rẹ̀ dé orí igi mi. Òfin kò ní jẹ́ kí n gba páténtì lórí ewé, ìyẹn yé mi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ adùn rẹ̀ ńkọ́? Ká ní ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ yọ ọ́, tó sì gba ìwé sí i, ì bá sàn. Ìwé ń ṣọ́ nǹkan. Bí ó ṣe ń ṣọ́ fún olóko, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣọ́ fún olè.”

Àwùjọ pa lọ́lọ́. Àgbọ̀nrín ní kí ẹnikẹ́ni má wí pé kò sí àtúnṣe: lọ́dún 1995, wọ́n fún àwọn kan ní Amẹ́ríkà ní páténtì lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo ojú egbò, Íńdíà kó àwọn ìwé àtijọ́ wọn jáde pé àwọn ìyá àwọn ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1997, wọ́n fagi lé páténtì ọ̀hún. Kí Òkété náà kó ìwé àtijọ́ tirẹ̀ wá.

Òkété ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá iná ni ó kún ibẹ̀, ti àtijọ́ àti ti àná. Ó ní, “Èyí tí mo ní nìyí. Ẹni tó bá mọ̀wé kó kà á.”

Ẹ rántí pé lílò náà ń jẹ́ ẹ̀rí nínú òfin. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló ti lo jáàkì yẹn kí Ìjàpá tó wọkọ̀. Kìnnìún mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ti kọ̀wé sí Ẹkùn, ọba igbó Ọmọ, pé ọgbọ́n ilẹ̀ òun ti di 203. Bó bá fagi lé ti Ìjàpá, méjì ló kù, kí ni yóò wá sọ fún Ẹkùn? Ó wúkọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, ó ní ọba kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Òkété padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn obìnrin kò san kọ́bọ̀ fún Ìjàpá, òun náà kò sì rówó gba lọ́yà.

Bí ọdún ṣe yí po, lẹ́tà dé láti Àbújá. Ìjàpá rò pé ẹ̀bùn mìíràn ni. Ìwé náà ní páténtì kọ̀ọ̀kan ní owó ọdọọdún tirẹ̀, ẹni tí kò bá san án, tí oṣù mẹ́fà ìyọ̀ǹda sì kọjá lórí rẹ̀, páténtì rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ìjàpá fi owó kan sọ 201 di púpọ̀, oòyì kọ́ ọ. Owó ọ̀nà Odigbó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bá ayò lọ. Ó yíjú sí Yánníbo.

Yánníbo kò dá a lóhùn. Agbada wà lórí iná, ó ń ro gààrí lọ, ó sì gbé orin. Ẹ gbè é:

Baálé mi kówèé dé, ilé kún fọ́fọ́,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Mo wo abẹ́ òǹtẹ̀, mo bá ààrò mi ńbẹ̀,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Bẹ́ ẹ bá kàwé tán, ẹ wá kagbada,
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*
Owó ọkọ̀ Àbújá ńkọ́, ọkọ mi?
*Ẹ kà á, ẹ tún un kà.*

Ìjàpá kò rí ẹyọ kan san. Oṣù mẹ́fà kọjá, ìwé 201 kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ayékòótọ́ wá ka ti ọdún náà: Odigbó, òdo. Òrè, òdo. Ó gbá orí mú, ó sáré wọ ààfin, ó kọ ìròyìn mìíràn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní àjálù ńlá ti bá ilẹ̀ yìí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ka nǹkan, òun kò rí ibi tí ọgbọ́n ti tán bẹ́ẹ̀ rí láàárín òru kan. Ó dámọ̀ràn kí wọ́n rán òun lọ sókè òkun lọ wádìí ohun tó fà á.

Kìnnìún ṣí adé. Ó pàṣẹ ọ̀fọ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ó rán Àparò, akéde rẹ̀, pé kó lu agogo yí gbogbo igbó ká, kó sọ fún wọn pé ọgbọ́n ti tán, kí olúkúlùkù jókòó sílé rẹ̀ kó banú jẹ́.

Àparò lu agogo ní Araromi, wọ́n sunkún. Ó lù ú ní Odigbó, wọ́n tún sunkún, pàápàá nígbà tí wọ́n rántí ọ̀nà wọn. Nígbà tó dé Òrè, kò sẹ́ni tó gbọ́ agogo rẹ̀. Òkété ti so ẹ́ńjìnnì tuntun kan mọ́ ẹ̀rọ, ó ń lọ ẹ̀gẹ́ lápá kan, ó ń yí àjọ̀ lápá kejì, ariwo rẹ̀ gba gbogbo pópó. Ìlà àwọn obìnrin àti abọ́ ẹ̀gẹ́ wọn ti ká dé ìdí sòmíìlì. Àparò lu agogo títí apá fi ro ó. Obìnrin kan fi ọwọ́ júwe fún un pé ẹ̀yìn ni kó gbà, kò sí fífò síwájú.

Àparò wo ẹ̀rọ náà. Ó wo ìlà. Ó gbé agogo jókòó sílẹ̀ láti fi gba àyè, ó bẹ ẹni tó kẹ́yìn pé kó bá òun mójú tó o, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ gbé ẹ̀gẹ́ tòun wá.